Ohùn Tó Wà Lábẹ́ Ewì

Kí Gbólóhùn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá, wọ́n kọ́kọ́ mú un búra.

Nínú ilé ìdáná àbúrò ìyá rẹ̀ ni. Orí àga onígi méjì ni wọ́n jókòó sí, fèrèsé wà ní títì pa, rédíò sì ń pariwo lórí pẹpẹ kí ẹni tó bá ń kọjá lọ má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Bọ̀dá Géètì ni gbogbo ẹbí ń pe àbúrò ìyá náà, nítorí ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ tìmùtìmù tó wà lẹ́yìn ìlú. Èèyàn tí kì í bínú ni. Bí o bá gbá a létí, ó lè bi ọ́ bóyá ọwọ́ ò dùn ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó da omi sínú ife títí ó fi kún ṣàn sórí tábìlì.

“Fi ìyá ẹ búra,” ló wí.

“Mo fi ìyá mi búra, Bọ̀dá. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹnu yín ló ti jáde.”

“Ẹ̀gbọ́n mi lo fi búra yẹn o. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n ṣáájú ẹ. Obìnrin yẹn kì í gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọ̀run tó wà yẹn gan-an, á ṣì máa kọ orúkọ àwọn èèyàn sílẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́.

Ọdún tó kọjá ni iná jó yàrá tí wọ́n ti ń gé tìmùtìmù. Èèyàn méje ló kú síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí, pé èéfín ló dàrú mọ́ wọn lójú tí wọn ò fi rí ọ̀nà. Irọ́ ni. Àràárọ̀ ni Bọ̀dá Géètì ń ti ilẹ̀kùn náà, nítorí Mánija, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ń gba ibẹ̀ jí ẹrù. Bó bá sì ti tì í tán, Mánija fúnra rẹ̀ ló ń fi kọ́kọ́rọ́ náà lé lọ́wọ́. Ẹni kejì tó mọ̀ nípa rẹ̀ ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ilé iṣẹ́. Kò lè pa á mọ́ra, ó sọ ọ́ níbi ìsìnkú. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí mọ́tò kan tí kò ní nọ́ńbà fi tẹ̀ ẹ́ pa ní ìloro ilé rẹ̀, níbi tí mọ́tò kì í gbà.

“O rí i,” ni Bọ̀dá Géètì wí, “èmi ò fẹ́ kú. Mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ ẹnu tó ti wá.”

Fóònù Gbólóhùn wà lórí tábìlì, ó ń gba ohùn wọn sílẹ̀. “Kí n má baà gbàgbé ni,” ló ti sọ tẹ́lẹ̀. “Tí mo bá ti kọ ewì náà tán, màá pa á rẹ́.”

Kò pa á rẹ́.

Akéwì ni Gbólóhùn, ṣùgbọ́n kì í dá kéwì. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ń ṣe é: òun pẹ̀lú máìkì, ọmọbìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Onídùùrù, àti Baba Jìtá, àgbàlagbà tó ń ta jìtá olókùn mẹ́rin, èyí tí ohùn rẹ̀ máa ń dún nínú ikùn kó tó dún létí. Lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ni yàrá ìgbáradì wọn wà. Láàárín wáyà àti ife tíì tó ti dòfo ni wọ́n ti ń wá ọ̀nà tí orin fi máa gbé ọ̀rọ̀ láì gbé e mì.

Nítorí pé ẹnu Gbólóhùn kì í ṣófo bí ewì bá ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ló fi ń pàṣẹ. Bó bá di ìkúùkù, kí orin dákẹ́. Bó bá na àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí wọ́n pe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá padà, kí wọ́n tún un ṣe. Ó ti di bárakú sí wọn lára débi pé, nínú ilé oúnjẹ, bí Gbólóhùn bá nawọ́ láti dá agbáwo dúró, Baba Jìtá á ní, “Ó fẹ́ kó gbé abọ́ àkọ́kọ́ padà wá.”

Ewì iná náà dára, ṣùgbọ́n ó tutù. Gbólóhùn kà á ní ìgbà mẹ́wàá, ó fi ohùn arúgbó kà á, ó fi ohùn ìbínú kà á. Níkẹyìn ló gbé fóònù jáde, ó sì fi ohùn inú rẹ̀ sétí àwọn méjì yòókù. Baba Jìtá gbé jìtá sílẹ̀.

“Ta nìyí?”

“Ẹ má bi mí.”

“Èyí ni ewì náà,” ni Onídùùrù wí. “Gbogbo èyí tó o kọ, ẹnu ọ̀nà lásán ni.”

Òótọ́ tó sọ yẹn wọ Gbólóhùn lára bí ẹ̀gún. Akéwì wo ni wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní lo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ rò ó. Ó ti búra pé ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Kò búra pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. Bí a bá lè yí ohùn náà padà, ìbúra ṣì dúró.

Onídùùrù gba ohùn náà sínú dùùrù oníná rẹ̀, èyí tó lè tọ́jú ohùn. Bó bá ti tẹ bọ́tìnnì pupa kan, ohùn á jáde nínú sípíkà. Ó wá rẹ ohùn náà sílẹ̀ ní ìpele mẹ́rin, ó nípọn, ó di ohùn òkú òru, bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Láti dá ara rẹ̀ lójú, Gbólóhùn gbé e lọ fún ìyàwó Bọ̀dá Géètì, ẹni tó ti sùn ti ohùn náà fún ọdún mẹ́rìnlélógún.

“Àǹtí, ẹ bá mi gbọ́ ohùn yìí. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?”

Obìnrin náà tẹ́tí, ó fojú wo òkè. “Baba wo nìyí? Bá a ra oògùn ikọ́.”

Gbólóhùn rẹ́rìn-ín títí ó fi délé. Bí ìyàwó ò bá mọ ohùn ọkọ rẹ̀, ta ló máa mọ̀ ọ́n?

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ewì ni lẹ́tà dé. Pépà rẹ̀ nípọn, ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Mánija ilé iṣẹ́ tìmùtìmù ló kọ ọ́. Ó ní òun gbọ́ pé ewì kan fẹ́ wáyé ní gbọ̀ngàn ìlú ní ìrántí àwọn òṣìṣẹ́ òun tó dolóògbé, pé òun fẹ́ràn ewì láti kékeré, kí wọ́n jọ̀ọ́ fi àga méjì sílẹ̀ fún òun àti ìyàwó òun ní iwájú pátápátá.

“Ẹni tó ń wá gbọ́ èébú ara ẹ̀ ní iwájú pátápátá,” ni Onídùùrù wí, “ṣé orí ẹ̀ pé?”

“Jẹ́ kó wá,” ni Gbólóhùn dá a lóhùn. Ó ti ń rí i lọ́kàn, bí ojú Mánija ṣe máa rí. “Ibi tí mo fẹ́ kó jókòó sí gan-an nìyẹn.”

Baba Jìtá ò rẹ́rìn-ín. Ó ń nu okùn jìtá rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ, díẹ̀díẹ̀. “Ẹni tẹ́rù bá ń bà kì í jókòó síwájú,” ló wí. “Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.”

Ọ̀sán Sátidé ni. Aago méjì ni wọ́n dé gbọ̀ngàn láti dán àwọn irinṣẹ́ wò, aago mẹ́rin ni ewì. Ìgbà tí Baba Jìtá ta okùn tó nípọn jù ni wọ́n mọ̀ pé wàhálà wà. Òrùlé gbọ̀ngàn náà ga, dígí fèrèsé rẹ̀ sì ti dẹ̀ lára férémù. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ti dún, gbogbo dígí á máa gbọ̀n gìrìgìrì bí eyín ẹni tí òtútù mú. Gbólóhùn kéwì sí i, ṣùgbọ́n àwọn tó ń to àga lẹ́yìn ní ariwo nìkan làwọn ń gbọ́, àwọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀.

“Ẹ jẹ́ ká gbé orin sókè, kó tín-ín-rín díẹ̀,” ni Baba Jìtá wí. “Ìpele méjì.”

Wọ́n gbé e sókè ní méjì, dígí ṣì ń gbọ̀n. Wọ́n gbé e ní mẹ́ta. Nígbà tó di mẹ́rin, dígí dákẹ́, ọ̀rọ̀ sì jáde gbangba bí omi tó là. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà fún un lára dùùrù Onídùùrù, ohun gbogbo tó bá sì wà nínú dùùrù náà ló ń gbé sókè lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ta orin àkọ́kọ́, ó dára. Wọ́n ta ti ìparí, ó dára.

“Ṣé ká gbọ́ ohùn baba náà?” ni Onídùùrù bi í, ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì pupa.

“Rárá o.” Òfin Gbólóhùn nìyẹn, kò sì yí i padà rí: ohun tó máa ba èèyàn lẹ́rù, a kì í dán an wò nínú ilé tí a ti fẹ́ lò ó. Ó fi ẹnu tọ́ka sí àwọn tó ń to àga. “Etí pọ̀ níbí. Jẹ́ kó di ìgbà náà.”

Ìka Onídùùrù kúrò lórí bọ́tìnnì.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, gbọ̀ngàn ti kún. Àwọn ẹbí òkú jókòó sápá òsì nínú aṣọ dúdú. Mánija wọlé ní ìṣẹ́jú méjì géérégé ṣáájú àkókò. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, awò ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó sì ń kí àwọn ẹbí òkú lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó jókòó. Ìyàwó rẹ̀ gbé òdòdó dání.

Gbólóhùn bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí òórùn: bí tìmùtìmù tuntun ṣe máa ń rùn, bí obìnrin tó ń gé e ṣe máa ń gbé òórùn náà délé tí ọmọ rẹ̀ á fi mọ̀ pé ìyá òun ti dé kó tó rí i. Jìtá ń rìn lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó bọ́ bàtà. Ẹnì kan ń sunkún lápá òsì. Ó dárúkọ iṣẹ́ tí àwọn méje tó kú ń ṣe, ó dé ibi ilẹ̀kùn, ó dákẹ́. Onídùùrù tẹ bọ́tìnnì pupa.

“Èmi ni mo tì í,” ni ohùn náà wí. “Wọ́n ní kí n tì í, mo tì í. Mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ fún wọn.”

Kì í ṣe ohùn òkú òru. Kì í ṣe ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bọ̀dá Géètì ni, gedegbe, bí ẹni pé ó dúró sẹ́yìn aṣọ ìtàgé pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mẹ́rin sílẹ̀, mẹ́rin sókè: ohùn ti padà sí bó ṣe wà. Ìṣirò tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe. Gbólóhùn yí padà kúrò nídìí máìkì. Ó wo Onídùùrù, ọmọbìnrin náà ń wo dùùrù rẹ̀ bí ẹni tí ajá ara rẹ̀ bù jẹ. Ohun tí ẹ̀dá máa ń ṣe bí ewu bá ń bọ̀ ni Gbólóhùn ṣe. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sókè: dúró!

Ẹ̀rù ba Onídùùrù, ìka rẹ̀ sì ṣe ohun tó ti kọ́ láti ọdún mẹ́ta. Ó pe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá padà.

“Èmi ni mo tì í. Wọ́n ní kí n tì í, mo tì í...”

Gbólóhùn di ìkúùkù. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà dára débi pé àwọn èèyàn rò pé ara ewì ni.

Ní iwájú, Mánija ti yọ awò ojú rẹ̀. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó gbọ́ orin tó mọ̀ láti ilé kejì. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, láràárọ̀, ohùn yẹn ló ń kọ́kọ́ kí i bó bá ti dé ibi iṣẹ́. Ó nu awò náà, ó wọ̀ ọ́ padà, ó mú fóònù jáde lápò. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, kò kánjú. Ó dá fóònù padà sápò, ó ká ọwọ́ lé itan, ó sì gbójú sókè sí Gbólóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín ẹni tó ń retí ìyókù.

Gbólóhùn parí ewì náà. Bó ṣe parí rẹ̀, kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni títí dòní. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń sunkún. Mánija náà dìde, ó sì pàtẹ́wọ́ pẹ́ ju ọ̀pọ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìtàgé ló wá bá wọn, òun nìkan, pẹ̀lú òdòdó ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ó fún Onídùùrù.

“Ẹ kú iṣẹ́,” ló wí. “Iṣẹ́ ńlá. Ẹni tó sọ̀rọ̀ láàárín yẹn ńkọ́? Níbo lẹ ti rí i?”

“Òṣèré kan ni, sà,” ni Gbólóhùn wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà máìkì. “Ó ti rìnrìn àjò.”

“Òṣèré! Ó mọ iṣẹ́ ẹ̀ o.” Mánija gba Gbólóhùn lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ móoru, ó rọ̀. “Ṣe ló ń ṣe mí bíi pé ó máa sọ pé, ‘Ẹ káàárọ̀, sà.’ Ẹ bá mi kí i.”

Ó yíjú padà, ó ń lọ, bàtà rẹ̀ ò dún nílẹ̀.

Gbólóhùn pe fóònù Bọ̀dá Géètì. Ó ń dún, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Baba Jìtá ti ń ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí Onídùùrù: “Ìwọ ni kó o wà á, ìwọ lo lè sáré jù. Ẹ fi àwọn irinṣẹ́ sílẹ̀! Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, mo ní!”

Òòrùn ò tíì wọ̀. Àwọn èèyàn ń rìn kiri lójú pópó, wọ́n ń ra nǹkan, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, bí ẹni pé ọjọ́ lásán ni. Nínú mọ́tò, Onídùùrù ń sọ̀rọ̀ sára rẹ̀: “Mo fọwọ́ lé bọ́tìnnì náà ní aago méjì. Mo ti fọwọ́ lé e.” 

Ìyàwó Bọ̀dá Géètì ló ṣílẹ̀kùn, áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

“Ó mà ṣe o, ẹ ò bá a! Mọ́tò ilé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ ni, kò tíì tó ìdajì wákàtí. Àwọn méjì kan ló wá. Wọ́n ní ọ̀gá ti gbé e ga, pé ó ti di olórí àwọn ọlọ́dẹ ní ibi ìkẹ́rùsí tuntun, kó wá wo ibẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ọkùnrin yẹn! Inú ẹ̀ dùn débi pé bàtà tó fi gbé mi níyàwó ló wọ̀. Mo ní ó ti fún un, ó ní ìgbéga ò mọ bàtà tó fún.”

“Àǹtí, ṣé Bọ̀dá mú fóònù dání?”

“Ó mú un. Kò lè gbọ́ ọ ni, kì í gbọ́ nǹkan kan nínú mọ́tò.” Ó wo ojú Gbólóhùn, ó wo ti Baba Jìtá. Ẹ̀rín náà kúrò díẹ̀díẹ̀. “Kí ló dé?”

“Mo lo ohùn Bọ̀dá,” ni Gbólóhùn wí. “Ohùn tí mo ní kẹ́ ẹ gbọ́ lọ́jọ́sí, tiwọn ni. Mánija gbọ́ ọ lónìí.”

Obìnrin náà ò pariwo. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó mú fóònù tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ nọ́ńbà ọkọ rẹ̀, ó sì nà án sí Gbólóhùn. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n gbé e.

“Ìyàwó mi!” Ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀ lẹ́yìn ohùn náà.

“Èmi ni, Bọ̀dá.”

“Háà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé o ti gbọ́? Ọdún mọ́kàndínlógún, wọ́n rántí mi! Báwo lewì?”

“Ibo lẹ dé?”

“A ti kọjá afárá. Ibi ìkẹ́rùsí yìí mà jìnnà o, mi ò rí ilé kankan mọ́.”

Ẹnikẹ́ni mìíràn ò sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò náà. Àwọn méjì tó wà níwájú ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, Gbólóhùn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, ó wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Bọ̀dá Géètì máa lóye tí àwọn méjì náà ò ní lóye, kò rí i. Irọ́ ló kù.

“Bọ̀dá, Àǹtí ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórí wọn. Ẹ ní kí wọ́n dá yín padà sílé báyìí, ẹ jọ̀ọ́.”

Ìyàwó náà mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe. Ó bú sẹ́kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ó ń kérora, kò sì sí èyí tó fi ṣeré nínú rẹ̀.

“Yéè! Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀!” Wọ́n gbọ́ bí Bọ̀dá Géètì ṣe ń bá àwọn tó wà níwájú sọ̀rọ̀, pẹ̀lú sùúrù, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, bó ṣe máa ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yà padà, ìyàwó mi ni. Oríta ló wà níwájú yẹn.” Ẹnì kan dá a lóhùn kúkúrú. Ẹ́ńjìnnì náà ké sókè, kò rọlẹ̀.

Bọ̀dá Géètì gbé fóònù padà sétí. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ ọ́, bí ẹni tó bo ẹnu.

“Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Ṣùgbọ́n a ti kọjá oríta.” Ó mí lẹ́ẹ̀kan. “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kí lo ṣe?”